Orin Tí A Jó, Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Gbọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà nìkan. Ọ̀rọ̀ orin ni pẹ̀lú. Olórin a máa fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sí ẹnu, a sì fi ààbọ̀ yòókù sílẹ̀ fún etí tí ó bá mọ ìtàn. Bí etí kò bá mọ ìtàn, ààbọ̀ ni orin náà yóò jẹ́ títí láé, bí ó tilẹ̀ dùn bí oyin. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀pọ̀ orin tí ó ti ilẹ̀ àwọn tí ń sọ Faransé wá bá wa láti ọdún 1960 wá, ààbọ̀ ni a gbọ́ nínú wọn. Àdánù tí ó sì wà níbẹ̀ ju àdánù ẹni tí kò kọ́ èdè lọ.

Ẹni tí ó bá ń gbé Òkòkòmáíkò kò lè sọ pé èdè Faransé jìnnà sí òun. Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì gba àárín àdúgbò náà kọjá, ọ̀nà yìí kan náà ni ó sì ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀, níbi tí ilẹ̀ Nàìjíríà ti parí tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò wa mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó sefà bí ẹní mọ orúkọ ọmọ wọn. Ọjà Àlàbá tí ó gbajúmọ̀ fún ẹ̀rọ agbóhùn àti àwo orin wà nítòsí wa ní Ọ̀jọ́. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá tún rìn síwájú dé Àjàrá ní Àgbádárìgì, a ó bá Abúlé Èdè Faransé tí ìjọba dá sílẹ̀, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé ti ń wá láti àwọn yunifásítì wa kí ahọ́n wọn lè yọ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1998 tilẹ̀ sọ Faransé di èdè ìjọba kejì. Lórí ìwé, a ti gbọ́ Faransé tán. Lójú agbo ni ọ̀rọ̀ ti di nǹkan mìíràn.

Níbi ìgbéyàwó kan ní Òkòkòmáíkò ni ojú mi ti là sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti jẹun tán, wọ́n ti pe ìyàwó àti ọkọ rẹ̀ jáde kí wọ́n wá jó, díjéè sì gbé orin kan sí i tí kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ tí kò dìde. Ìyá ìyàwó jó, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ jó, àwọn tí ó ń gbé oúnjẹ pàápàá gbé àwo kalẹ̀. “Premier Gaou” ni orin náà. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti Àjàṣẹ́ wá, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, jókòó tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?” Ó ní, “Ọmọ mi, orin tí ẹ fi ń sin ìyàwó lọ sílé ọkọ yìí mà ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí ó ń wí?” N kò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá odidi ọ̀rọ̀ tí bàbá náà bù ní ààbọ̀ fún mi.

Ẹgbẹ́ olórin Magic System, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin láti Anoumabo ní ìlú Abidjan jọ dá sílẹ̀, ni wọ́n gbé orin náà jáde ní 1999. Ìtàn inú rẹ̀ kò le. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò ní nǹkan lọ́wọ́ ní olólùfẹ́; nígbà tí ìyà pọ̀, obìnrin náà fi í sílẹ̀. Kò pẹ́, orin ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tà, ojú rẹ̀ hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, obìnrin náà sì rántí ọ̀nà ilé. Orí èrò kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: kì í ṣe ẹni tí a tàn lẹ́ẹ̀kan ni òmùgọ̀, bí kò ṣe ẹni tí ó tún jókòó kí a tan òun lẹ́ẹ̀kejì. Àwa náà ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí alángbá, yóò sá. Orin ìkọ̀sílẹ̀ ni a fi ń jó níbi ìsopọ̀! Orin tí ó ń kìlọ̀ fún ọkọ nípa ìyàwó ni ìyá ìyàwó ń fi ìdí jó.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ti gbọ́ Faransé, ìṣòro náà tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ Faransé gboyè lè gbọ́ “Premier Gaou” kí ó má mọ ohun tí ọ̀rọ̀ méjì pàtàkì inú rẹ̀, *gaou* àti *niata*, ń wí. Kì í ṣe Faransé ilé ìwé ni wọ́n. Inú *nouchi* ni wọ́n ti wá, èyí tí í ṣe èdè ìgboro Abidjan, tí àwọn ọmọ òpópónà fi Faransé, Dioula àti àwọn èdè mìíràn ilẹ̀ wọn pò pọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ìta Èkó ti ń po èdè tiwọn. *Gaou* ni ará oko tí kò tíì mọ ọgbọ́n ìlú. *Niata* ni ẹni tí ó gọ̀ ju *gaou* lọ. Èdè tí wọ́n dá kí àgbà má baà gbọ́ ni. Nítorí náà, ìbòjú àkọ́kọ́ tí ó wà lójú irú orin yìí kì í ṣe ti Faransé rárá. Ti ẹgbẹ́ àti ti àdúgbò ni.

Lẹ́yìn ìbòjú yẹn ni ìtàn wà. *Zouglou* ni wọ́n ń pe ọ̀wọ́ orin náà, ọmọ yunifásítì ni ó sì bí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Abidjan há mọ́ra nínú yàrá, tí owó ìrànwọ́ wọn kò tó nǹkan, tí wọ́n sì ń jà pé kí Ààrẹ Houphouët-Boigny fi ààyè gba ẹgbẹ́ òṣèlú púpọ̀, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ijó àti ẹ̀fẹ̀ sọ ìyà wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n fi bo ẹkún. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994, wọ́n dín iye owó sefà kù sí ìdajì: àádọ́ta sefà tí a fi ń ra faranki Faransé kan di ọgọ́rùn-ún ní ọjọ́ kan. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí ni orin tí ó dá lórí ìfẹ́ tí ó tẹ̀ lé owó lọ, tí ó sì tẹ̀ lé owó bọ̀, gba ìgboro kan. N kò sọ pé àwọn olórin náà jókòó kọ orin nípa iye owó. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí owó bá ti pa ilé run, orin ìfẹ́ kankan kò ní jẹ́ ti ìfẹ́ nìkan mọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá ọdún 1999 kan náà, àwọn ológun gba ìjọba ní Côte d’Ivoire. Ayé tí orin náà ń mú rẹ́rìn-ín ti ń ya lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tí ń jó.

Irú ìbòjú kejì ni èyí tí olórin mọ̀-ọ́n-mọ̀ dà bo ọ̀rọ̀ nítorí pé ẹni tí ó ń bá wí ní agbára. Ní 1982, Alpha Blondy, ọmọ Côte d’Ivoire, kọ “Brigadier Sabari.” Dioula ni ó pọ̀ jù nínú orin náà, ipò ọlọ́pàá inú àkọlé rẹ̀ ni Faransé. Ó sọ bí ọlọ́pàá ṣe ká òun mọ́ ìgboro lálẹ́, tí wọ́n lu òun bí ẹni máa kú, tí òun sì ń bẹ ọ̀gá wọn. Bí a bá gbọ́ ọ lásán, orin ẹni tí ó ń tọrọ àánú ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Tí ẹni tí a lù bá ń bẹ ẹni tí ó lù ú ní gbangba, létí gbogbo ayé, ta ni ojú ń tì? Ẹ̀bẹ̀ ni ẹ̀wù orin náà. Ẹ̀sùn ni ara rẹ̀. Ní àkókò tí kò rọrùn láti dúró lórí pèpéle kí a pe ọlọ́pàá ní ìkà, ó pè é ní ọ̀gá, ó kúnlẹ̀ fún un, ìkúnlẹ̀ náà sì di ìdájọ́.

Ohun kan wà nínú àkọlé orin yìí tí ó yẹ kí ó dá Yorùbá dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà *sabari*, tí ó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn jọ̀wọ́, kí ó ní àmúmọ́ra, ti inú èdè Lárúbáwá wá, láti ara *ṣabr*. Láti orísun yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ èdè gbà pé *sùúrù* tiwa ti wá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó bá àwọn oníṣòwò àti àwọn àlùfáà rìn, tí ó yà sí Abidjan, tí ó sì yà sí Ìlọrin àti Ìbàdàn. A ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ni a kò mọ̀ pé ti bàbá wa ni. Bí a bá ti mọ̀ pé “ọ̀gá, ẹ ní sùúrù” ni ọkùnrin náà ń wí, bóyá àwa tí a ń bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀, tí a ń kọjá lára ibodè ọlọ́pàá kan sí òmíràn, kò bá ti fi etí mìíràn gbọ́ ọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa tú jáde ní Èkó àti ní ìlú mìíràn lòdì sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS, ohun tí wọ́n ń wí ti wà nínú orin fún ọdún méjìdínlógójì.

Ìbòjú kẹta ni ó ṣàjèjì jù, nítorí pé olórin kò dá a. Ìtàn ni ó dá a fún un. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1960, àwọn olóṣèlú Kóńgò péjọ sí Brussels láti bá ìjọba Bẹ́ljíọ̀m sọ̀rọ̀ òmìnira. Joseph Kabasele, tí a mọ̀ sí Grand Kallé, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ African Jazz bá wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé “Indépendance Cha Cha” jáde. Lingala ni èdè rẹ̀ jù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Faransé tí gbogbo ènìyàn ń retí ni ó wà ní orí rẹ̀. Orin náà ka orúkọ àwọn aṣíwájú àti ẹgbẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń ki ìdílé: Kasavubu, Lumumba, Kalonji, Tshombe àti àwọn yòókù. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́, oríkì ìṣọ̀kan ni. Kóńgò gba òmìnira ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà. Kí oṣù keje tó parí, Tshombe ti kéde pé Katanga ya kúrò. Ní oṣù kẹsàn-án, Kasavubu lé Lumumba kúrò nípò. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1961, wọ́n pa Lumumba ní Katanga tí ó wà lábẹ́ Tshombe. Orin náà kò yí ọ̀rọ̀ kan padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ìgbà náà, tí ó sì mọ ìtàn, yóò gbọ́ orúkọ ẹni tí a pa àti ti àwọn tí ó bá a ṣọ̀tá nínú èémí kan ṣoṣo. Oríkì ti di ẹ̀rí.

Ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Jean-Baptiste Clément kọ “Le Temps des cerises” ní 1866. Orin ìfẹ́ àti èso ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Kò sí ìṣèlú kankan nínú rẹ̀. Ní 1871, àwọn ará Párísì dìde, wọ́n dá ìjọba tiwọn tí wọ́n pè ní Kọ́múùnù sílẹ̀. Clément wà lára wọn. Ní oṣù karùn-ún, ọmọ ogun ìjọba wọ ìlú, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí ó kù kò rí orin mìíràn fi rántí òkú wọn ju orin èso pupa yìí lọ. Clément fúnra rẹ̀ padà ya orin náà sọ́tọ̀ fún obìnrin kan tí ó tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní ọjọ́ ìkẹyìn ìjà náà. Láti ìgbà náà, Faransé tí ó bá mọ ìtàn kì í gbọ́ pupa inú orin náà ní pupa èso nìkan mọ́.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá nítorí pé iṣẹ́ tiwa ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ju Yorùbá lọ pé orin lè bo ọ̀rọ̀. Alùdùndún lè bú ènìyàn lójú agbo kí onítọ̀hún máa jó sí i, kí ó sì tún lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Orogún ń fi orin ìdí ọlọ bá orogún wí láìdárúkọ. Ní 1964, Hubert Ògúndé gbé eré “Yorùbá Ronú” jáde. Ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dà ni, kò sì sí orúkọ olóṣèlú kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gbọ́ odidi rẹ̀ kíákíá, wọ́n sì fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹkùn náà títí di 1966. Wọn ì bá tí fi òfin dè é bí kò bá jẹ́ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà dé inú wọn.

Àgbà irú orin bẹ́ẹ̀ láàárín wa ni ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kọ lálẹ́ ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí ọ̀rọ̀ ọba, ti olè àti ti alágbèrè ti ń jáde sí gbangba lábẹ́ ìbòjú àwàdà. Níbo sì ni ìtàn ti sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti fìdí múlẹ̀ jù? Kétu ni. Kétu kò sí ní Nàìjíríà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Nígbà tí àjọ UNESCO bu ọlá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ni ó jọ wà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ilẹ̀ Faransé kò yé wa, a ń sọ̀rọ̀ nípa ilé àwọn tí ó kọ́ wa bí a ṣe ń bo ọ̀rọ̀.

Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo fẹ́ràn “Fẹ̀sọ̀ Jayé” dé ibi pé mo mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Ó dá mi lójú pé ọmọ Èkó ni ẹni tí ó kọ ọ́. Gnonnas Pedro ni, ọmọ ilẹ̀ Dahomey tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Ó kú ní 2004. Yorùbá kì í ṣe èdè kan ṣoṣo tí ó fi kọrin: ó kọ ní èdè ilé rẹ̀, ó kọ ní Faransé. Ẹ wo bí ó ti rí: ọkùnrin náà rìn wá sí inú èdè wa kí a lè gbọ́ ọ, a gbọ́ ọ, a gbà á ní tiwa, a kò sì bi í níbi tí ó ti wá. Èmi kò rìn ní ẹsẹ̀ kan lọ pàdé rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ń fi ìwé ba ijó jẹ́. Wọ́n á ní orin kì í ṣe ìwé ìtàn, pé bí ìlù bá ti dùn ó tó. N kò bá wọn jiyàn pé ìlù dùn. Mo tilẹ̀ gbà pẹ̀lú wọn pé ẹni tí ó bá ń wá awo nínú gbogbo orin yóò padà máa rí awo níbi tí ewé lásán wà. Angélique Kidjo, tí wọ́n bí ní Wídà ní 1960, kọ orin kan tí ó ń jẹ́ “Batonga.” Ẹni tí ó bá gbé ìwé atúmọ̀ èdè láti wá ọ̀rọ̀ yìí yóò wá a tì. Kidjo fúnra rẹ̀ ni ó dá a sílẹ̀ nígbà tí ó wà lọ́mọdé, tí àwọn ọmọkùnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ń lọ sí ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ tí wọn kò mọ̀ ni ó fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí nínú èdè kankan. Inú ìgbésí ayé ọmọbìnrin kan ni ó wà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe awo ni kí a máa wá. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí a máa bi orin: ta ni ó kọ ọ́, ìgbà wo ni, ta ni ó sì ń bá wí? Bí a bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtumọ̀ tí ó bá wà níbẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde; bí kò bá sí, a ó máa jó lọ.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò gba yunifásítì. Bàbá Àjàṣẹ́ tí ó jókòó tì mí kò wá láti yunifásítì kankan. Ó mọ ìtàn orin náà nítorí pé ó ń gbé láàárín àwọn tí ó ń kọ ọ́, ó sì ṣe tán láti sọ ọ́ fún ẹni tí ó bá bi í. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Òkòkòmáíkò, ní Ìbà àti ní Ọ̀jọ́: ìyá tí ń ta aṣọ, télọ̀, awakọ̀ Sẹ̀mẹ̀, àwọn tí ilé wọn wà ní òdìkejì ààlà tí iṣẹ́ wọn sì wà lọ́dọ̀ wa. A ń ná ọjà lọ́dọ̀ wọn lójoojúmọ́. A kò bi wọ́n léèrè orin rí.

Ọ̀rọ̀ inú orin àwọn ọmọ Abidjan ni ó sì padà bá wa wí. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a jó orin aládùúgbò wa láìgbọ́, àlejò ni wá. Kò sí ẹni tí yóò bú wa. Ṣùgbọ́n a ti ń jó láti 1960, ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sì wà níwájú ilé wa. Nígbà tí ijó náà parí, mo padà sọ́dọ̀ bàbá náà, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ mi ní ìyókù.” Ó fà sẹ́yìn lórí àga, ó ní, “Ẹ kọ́kọ́ wá omi tútù fún mi ná, ó gùn.”